Brucei, cruzi tàbí Leishmania: èwo ni kí ẹ fi kọ́ bí DNA ṣe ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀?

Ìbéèrè tí àwọn àbúrò mi nídìí iṣẹ́ yìí máa ń bi mí jù ni, "Ẹ̀gbọ́n, kòkòrò wo ni kí n mú?" Wọ́n á ti pinnu pé bí DNA ṣe ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, àti bí ó ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tó bá bàjẹ́, ni àwọn fẹ́ kọ́. Wọ́n á ti pinnu pé lára kòkòrò tó ń fa àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì ni àwọn ti fẹ́ kọ́ ọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há ni èwo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní èyí tó ń pa ènìyàn jù ni àwọn fẹ́. Èrò ọmọlúàbí ni, àmọ́ èmi kì í fi ìyẹn ṣíwájú. Ohun tí mo máa ń wò ni ìbéèrè tó wà lọ́kàn ẹni náà àti ohun tó wà nínú láàbù tó ń lọ, torí mo ti rí ẹni tó fi ọdún méjì gbáko bá kòkòrò tí kò yẹ ẹ́ jà.

Mẹ́ta ni màá fi wéra. Trypanosoma brucei ni àkọ́kọ́, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, tó ń fa àìsàn oorun. Ìkejì ni Trypanosoma cruzi, tó ń fa àrùn Chagas ní Látìn Amẹ́ríkà. Ìkẹta ni Leishmania, ọlọ́pọ̀ ẹ̀yà, tí eṣinṣin kékeré kan tí kò tó ẹ̀fọn ń gbé. Àwọn kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ ń dá egbò sí ara, àwọn kan ń wọ inú ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú. Ibà ò sí níbẹ̀ o. Àjọ WHO kò ka ibà mọ́ àwọn àrùn tí wọ́n pa tì, owó tó sì ń wọ ìwádìí ibà ju ti àwọn mẹ́ta yìí lọ dáadáa.

Ohun tó pa wọ́n pọ̀

Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Oṣù kan náà lọ́dún 2005 ni ìwé ìròyìn Science tẹ jínómù (gbogbo DNA) àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, wọ́n sì rí nǹkan bí jíìnì 6,200 tó wà lára gbogbo wọn, tó tún tò tẹ̀ léra wọn bákan náà lórí krómósómù. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá kọ́ lára ọ̀kan, ìdajì rẹ̀ ti di ẹ̀kọ́ nípa àwọn yòókù. Ìdajì tó kù ló ń dá ènìyàn lóró.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tún DNA tó já ṣe. Bí ti ènìyàn bá já, sẹ́ẹ̀lì wa ní ọ̀nà kan tó fi ń so ó wàràwàrà, orí mọ́ orí, láìwo àwòṣe kankan. Àwọn kòkòrò yìí kò ní ọ̀nà yẹn. Púrótéènì tó ń di orí DNA mú, Ku, wà lára wọn, ṣùgbọ́n ẹ́nsáìmù tó yẹ kó parí ìso náà, ligase IV, ni a kò rí. Ohun méjì ló kù fún wọn. Wọ́n lè wá ẹ̀dà mìíràn tó jọ èyí tó já, kí wọ́n fi ṣe àwòṣe. Púrótéènì RAD51 ni olórí iṣẹ́ yẹn. Wọ́n sì lè wá ìwọ̀nba lẹ́tà tó bára mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tó já, kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, àmọ́ ọ̀nà yìí máa ń jẹ lára DNA náà. Ẹni tó bá ń gbé CRISPR, irin iṣẹ́ tí a fi ń gé DNA, bọ̀ láti ara sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, tó rò pé òun á kàn gé jíìnì kóun sì máa retí kó lẹ̀ ara rẹ̀ ní gẹgẹrẹ, kó má bínú: ẹ fún wọn ní àwòṣe tí wọ́n á fi tún un ṣe, ẹrù á sì fúyẹ́.

Ìkejì ni DNA tó wà nínú mitochondria wọn (ilé agbára sẹ́ẹ̀lì), èyí tí à ń pè ní kinetoplast. Mitochondria kan ṣoṣo ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní, DNA inú rẹ̀ sì jẹ́ òrùka kéékèèké tí wọ́n kọ́ra wọn lọ́rùn bí ojú àwọ̀n apẹja, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, pẹ̀lú òrùka ńlá bíi mélòó kan. Bí àkókò bá tó láti ṣe ẹ̀dà, wọ́n á tú òrùka kékeré kọ̀ọ̀kan kúrò lára àwọ̀n, wọ́n á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ níta, wọ́n á sì dá méjèèjì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n pẹ̀lú ojú ibi tí a kò tíì dí. Ojú yẹn á ṣí sílẹ̀ títí gbogbo òrùka á fi gba ẹ̀dà tirẹ̀ tán. Iṣẹ́ tí yíǹkì ọjọ́ ìdìbò ń ṣe lórí ìka ló ń ṣe: ó ń fi hàn pé ẹni yìí ti tẹ̀ka, kó má tún tò. Nǹkan bí òrùka kékeré 5,000 ni brucei ní. Ti cruzi pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan, òrùka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tún gùn ju ti brucei. Bó bá jẹ́ àwọ̀n yìí gan-an ni ẹ fẹ́ kọ́, ẹ má wulẹ̀ ronú púpọ̀, brucei ni kí ẹ mú. Ibẹ̀ ni irin iṣẹ́ pọ̀ sí jù.

Nǹkan kẹta wà tí ọ̀pọ̀ ò fiyè sí: lẹ́tà DNA kan tí ènìyàn kò ní, J, tí wọ́n rí lára brucei ní Amsterdam lọ́dún 1993. Brucei lè wà láàyè láìní J rárá. Leishmania kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, á kú. Kí ìyẹn wà lọ́kàn yín nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "bákan náà ni gbogbo wọn."

Brucei, ẹni tó ń pààrọ̀ ẹ̀kú

Inú ẹ̀jẹ̀ gbangba ni brucei ń gbé, kì í sá wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ohun tó fi ń bo ara ni ẹ̀wù kan tí a ń pè ní VSG, púrótéènì kan náà ní nǹkan bí ẹ̀dà mílíọ̀nù 10 tó tẹ́ bo gbogbo ara rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara wa á kọ́ ojú ẹ̀wù yẹn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí pa á. Ká tó ṣẹ́jú, díẹ̀ nínú wọn ti pààrọ̀ ẹ̀wù bí egúngún tó wọ ìgbàlẹ̀ lọ gbé ẹ̀kú mìíràn. Jíìnì ẹ̀wù tó ní lé ní 2,000, tí ọ̀pọ̀ jẹ́ àkísà tí kò pé. Nǹkan bí 15 ni ojúkò tí ẹ̀wù ti lè jáde, ọ̀kan ṣoṣo ló sì máa ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé ó ń ṣiṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan.

Kí ló kan DNA nínú èyí? Pípààrọ̀ ẹ̀wù yẹn fúnra rẹ̀, iṣẹ́ àtúnṣe DNA ni. Lọ́dún 2009 àwọn kan ní New York fi ẹ́nsáìmù gé DNA lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì ẹ̀wù tó ń sọ̀rọ̀, níbi àwọn lẹ́tà àtúnsọ tó ṣáájú rẹ̀, kòkòrò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí pààrọ̀ ẹ̀wù lọ́nà tó ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fíìfíì. Ìyẹn ni pé ibi tó já ni wọ́n ń tún ṣe, wọ́n kàn ń fi jíìnì ẹ̀wù mìíràn ṣe àwòṣe. Láàbù ní Glasgow ti fi hàn pé RAD51 àti BRCA2 wà nídìí rẹ̀, BRCA2 ti brucei sì ní àwọn ìlà àtúnsọ tó pọ̀ ju ti àwọn ẹbí rẹ̀ lọ. BRCA2 kan náà ni o, èyí tí obìnrin ń lọ yẹ̀ wò nítorí àrùn jẹjẹrẹ ọmú.

Irin iṣẹ́ brucei ni n kò rí irú rẹ̀. RNAi, ọ̀nà tí a fi ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́, ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ láti 1998, ẹ lè fi oògùn tetracycline tan án kí ẹ tún pa á. Láti 2011 ni wọ́n ti ń fi RNAi dán gbogbo jíìnì rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ TrypTag, tó jáde tán ní 2023, fi ìmọ́lẹ̀ sára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú púrótéènì rẹ̀ láti fi ibi tí wọ́n ń gbé nínú sẹ́ẹ̀lì hàn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀dà DNA ti ń bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ 2012 kan ti rí ojúkò 42 lórí krómósómù ńlá 11.

Ohun tó sì mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù rèé. Ẹ fi àwọ̀ DAPI, tó ń lẹ̀ mọ́ DNA, kun ún, ẹ gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ máa rí ara tẹ́ẹ́rẹ́ tó wé bí ewé, ibi méjì sì ń tàn yanran ní àwọ̀ búlúù: ọ̀kan ńlá láàárín, núkílíọ́ọ̀sì, ọ̀kan bí orí abẹ́rẹ́ ní ìpẹ̀kun, kinetoplast. Ọ̀kan-ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Orí abẹ́rẹ́ méjì pẹ̀lú núkílíọ́ọ̀sì kan, ó ti wà lójú ọ̀nà. Méjì-méjì, ó fẹ́ bímọ. Ẹ jókòó ka 200, ẹ ti mọ ibi tí oògùn yín ti dá wọn dúró láìlo ẹ̀rọ olówó iyebíye kankan. Lára Leishmania mexicana, núkílíọ́ọ̀sì ló ń kọ́kọ́ pín, torí náà ẹ má gbé òfin brucei lọ síbẹ̀.

Àléébù rẹ̀? Irú inú ẹ̀jẹ̀ fẹ́ ooru 37 °C, ó fẹ́ CO₂, ó sì ń di méjì láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Bó bá ti kọjá mílíọ̀nù méjì lójú mílílítà kan, ó ti ń kú lọ. Mo kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dún Iléyá kan, ní láàbù tí mo wà nígbà náà: wọ́n ṣún ìsinmi síwájú ní ọjọ́ kan, ẹni tó yẹ kó bá mi pín kòkòrò sínú fláàsìkì tuntun rò pé èmi ni, èmi náà rò pé òun ni. Mo padà dé, omi inú fláàsìkì tó yẹ kó pupa ti di yẹ́lò bí omi ọṣẹ, kò sì sí ẹyọ kan tó ń mira. Oṣù mẹ́ta iṣẹ́ ló wà nínú fláàsìkì yẹn, torí n kò tíì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ pamọ́ sínú nitrogen olómi, níbi tí wọ́n ti ń dì.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àìsàn oorun ti ń lọ, kí la tún ń wá? Òótọ́ ni pé láti 2018, iye tí wọ́n ń jábọ̀ rẹ̀ lọ́dún kò tó 1,000 mọ́. Tógò ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí WHO fọwọ́ sí pé ó ti kápá rẹ̀, ní 2020, Benin sì wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ bi darandaran bóyá nagana, irú àrùn yìí tó ń mú màlúù, ti lọ. Trypanosoma congolense àti vivax ló ń pa màlúù jù, ẹbí brucei ni wọ́n, irin iṣẹ́ brucei la sì fi ń mọ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa gan-an. Brucei tí gbogbo láàbù ń lò, Lister 427, kò lè ran ènìyàn: púrótéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀ wa, APOL1, máa ń fọ́ ọ. Irú brucei ti ìlà oòrùn Áfíríkà ti rí ọgbọ́n dá sí i, lára àwọn ènìyàn tiwa náà sì ni irú APOL1 mìíràn ti jáde tó tún borí ọgbọ́n yẹn. Nígbà tí wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2010, àwọn Yorùbá tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn n'Ìbàdàn fún HapMap, iṣẹ́ tó wo ìyàtọ̀ DNA àwọn ènìyàn ayé, wà lára àwọn tí wọ́n ti rí i dáadáa. Àmọ́ ẹni tó bá gba méjì irú rẹ̀, lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, ewu àrùn kíndìnrín rẹ̀ ga sí i.

Leishmania, alágídí tí kì í ka iye krómósómù sí

Bí oògùn tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ bá ni ìbéèrè yín, ibí ni kí ẹ yà sí. Leishmania major ní krómósómù 36, mexicana 34, braziliensis 35, àmọ́ iye ẹ̀dà krómósómù kọ̀ọ̀kan kì í dúró sójú kan. Nínú fláàsìkì kan náà, sẹ́ẹ̀lì yìí ní méjì, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní mẹ́ta. Krómósómù 31 fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní méjì rí. Lára ènìyàn, irú nǹkan yẹn máa ń bá jẹjẹrẹ rìn. Lára Leishmania, ọjọ́ ajé lásán ni.

Ẹ da oògùn antimony lé e lórí, á gba àárín àwọn lẹ́tà àtúnsọ tó wà káàkiri jínómù rẹ̀, á gé abala tó ní jíìnì tó lè gbà á là, á sọ ọ́ di òrùka tàbí ọ̀pá kékeré tó dá dúró, á sì máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Jíìnì MRPA ni wọ́n mọ̀ jù nínú irú rẹ̀. Láàbù kan ní Quebec fi hàn ní 2014 pé àwọn lẹ́tà àtúnsọ yìí tò jákèjádò jínómù, àti pé púrótéènì àtúnṣe DNA ni kòkòrò náà fi ń ṣe òrùka wọ̀nyí.

Àríyànjiyàn tó dùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí náà, ti Leishmania ni. Ní 2015, àwọn ará Glasgow ní ojúkò kan ṣoṣo ni ẹ̀dà DNA ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí krómósómù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ó: krómósómù tó gùn jù lé ní mílíọ̀nù lẹ́tà 2.5, ojúkò kan kò lè parí rẹ̀ láàárín àkókò tí sẹ́ẹ̀lì yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà. Ní 2016, àwọn ará Madrid fi ọ̀nà mìíràn wò ó, wọ́n ní ojúkò tó lé ní 5,000 làwọn rí. Kì í ṣe pé ẹnì kan purọ́. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ń rí ibi tí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ti jọ ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kejì ń rí ibi tí sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ níhìn-ín díẹ̀ lọ́hùn-ún ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2020 ni iṣẹ́ mìíràn jáde pé ìpẹ̀kun krómósómù ń bá a lọ láti máa ṣe ẹ̀dà kódà lẹ́yìn àkókò tó yẹ kó ti dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán, àyè wà níbẹ̀ fún ọmọ tuntun tó gbọ́n.

Inú rẹ̀ dùn sí 26 °C, kò béèrè CO₂, ìyẹn irú tó ń gbé inú eṣinṣin. Ohun tó máa bí yín nínú ni pé RNAi kò sí lára ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀, àfi braziliensis àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ pa jíìnì tí kò lè ṣe aláìní, ẹ máa yọ ẹ̀dà méjì, á gbé ìkẹta jáde láti ibi tí ẹ kò mọ̀, á máa wò yín. DiCre, tó ń jẹ́ kí ẹ yọ jíìnì nígbà tó bá wù yín, ni ọ̀pọ̀ fi ń borí ìyẹn báyìí.

Cruzi, tí iná kò jó

Carlos Chagas rí i ní Lassance, ìpínlẹ̀ Minas Gerais ní Brazil, lọ́dún 1909. Mílíọ̀nù 6 sí 7 ènìyàn ló wà lára wọn, ìyẹn ni pé kòkòrò náà ń gbé lára wọn, lónìí. Ẹ fi ìtànṣán gámà tó tó 500 Gray lù ú (Gray márùn-ún tó láti pa ènìyàn): krómósómù rẹ̀ á fọ́ yángá, á dúró láìpín, ní bí ọjọ́ méjì sí i àwọn krómósómù náà á ti padà sípò. Bí ẹ bá fún un ní RAD51 lápọ̀jù, á tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ "báwo ni ó ṣe ń rí i ṣe?", kò sí ẹlòmíràn tó lè dá yín lóhùn.

Ìbéèrè kejì tó yẹ ẹ́ ni ti oògùn. Benznidazole àti nifurtimox, oògùn Chagas méjèèjì, ẹ́nsáìmù inú kòkòrò náà ló ń sọ wọ́n di májèlé tó ń ba DNA rẹ̀ jẹ́. Lọ́dún 2018 ni wọ́n rí i pé díẹ̀ nínú àwọn tó ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn máa ń sùn, wọn kì í pín, wọn kì í ṣe ẹ̀dà DNA, benznidazole á kọjá lára wọn, wọ́n á sì tún jí. Ẹni tó mọ bí ẹ̀dà DNA ṣe ń dáwọ́ dúró ló yẹ kó wá nǹkan ṣe sí ìyẹn.

Àmọ́ n kò ní tan yín. Kò ní RNAi. Ó lọ́ra. Nǹkan bí ìdajì jínómù rẹ̀ ló jẹ́ lẹ́tà àtúnsọ, tó fi ń da ẹni tó ń tò ó pọ̀ láàmú. CRISPR tó wọlé ní 2014 ló gbà á là. Ó sì lè ran yín nínú láàbù. Ní Brítéènì, láàbù ìpele kẹta, ti kòkòrò eléwu, ni òfin sọ pé kó wà. Brazil ni ilé rẹ̀, ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ sí, pàápàá Belo Horizonte àti São Paulo.

Wọn rèé lójú kan

| | Brucei | Leishmania | Cruzi |
|---|---|---|---|
| RNAi | Wà | Ọ̀pọ̀ kò ní | Kò sí |
| Ooru láàbù | 37 °C pẹ̀lú CO₂ (irú inú ẹ̀jẹ̀) | 26 °C | 26 sí 28 °C (irú inú kòkòrò) |
| Ewu láàbù | Lister 427 kò ran ènìyàn | Major, mexicana fúyẹ́. Donovani (ti inú ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú) wúwo | Ó wúwo |
| Ìbéèrè tó yẹ ẹ́ | Pípààrọ̀ ẹ̀wù, kinetoplast | Oògùn tí kò ràn mọ́, ojúkò ìbẹ̀rẹ̀ | Ìtànṣán, oorun kòkòrò |

Àwọn kan á béèrè nípa aràn àtọ̀sí ajá, Schistosoma, torí òun ló wà lẹ́bàá ìdídò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nítòsí wa. Kò sí fláàsìkì tó lè tọ́ ọ láti ẹyin dé àgbà. Ìgbín inú omi àti eku ni ẹ máa fi ọjọ́ ayé yín sìn. Ẹni tó bá ní ìgbín, kó tẹ̀ síwájú: oògùn oxamniquine tí wọ́n lò ní Brazil tẹ́lẹ̀, ẹ́nsáìmù inú aràn mansoni náà ló ń tan án kó lè ba DNA rẹ̀ jẹ́, ìtàn tó dùn ni. Fún ẹlòmíràn, rárá.

Iná, nitrogen àti ọjọ́ àìkú

Fún ẹni tó máa ṣiṣẹ́ nílé, níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, èmi á ní Leishmania mexicana tàbí major, kódà bó jẹ́ brucei ló wù ú. Kòkòrò tó ń gbé ní 26 °C lè fara da wákàtí mẹ́rin láìsí iná nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀. Èyí tó wà ní 37 °C kò ní dárí jì yín. Bó bá sì jẹ́ brucei ni dandan, ẹ mú irú tó ń gbé inú eṣinṣin, 27 °C tó fún un. Ẹ kò ní rí ẹ̀wù pààrọ̀ lára rẹ̀, àmọ́ ojúkò ìbẹ̀rẹ̀, kinetoplast àti RAD51 wà níbẹ̀ digbí. Bí láàbù kò bá tilẹ̀ sí, TriTrypDB wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jínómù gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, mo sì ti rí tíísìsì tó dáa tó jẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fi ṣe é.

Fún ẹni tó ń lọ sí òkè òkun pẹ̀lú owó ìrànwọ́ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, brucei ni, àyàfi bí súpáfáísọ̀ rẹ̀ bá ti ń ṣe cruzi láti ọdún gbọọrọ. Cruzi kì í ṣe ohun tí à ń bẹ̀rẹ̀ ní láàbù tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ kọ lẹ́tà sí àkẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú láàbù náà lọ́wọ́lọ́wọ́, kì í ṣe sí ọ̀gá. Ẹ bi í pé ta ló ń pín kòkòrò lọ́jọ́ àìkú, ìgbà mélòó ni nitrogen tán lọ́dún tó kọjá, àti bóyá fláàsìkì tó wà nínú ínkúbétọ̀ ní ìkejì nínú yìnyín.